“Iṣẹ́ Loògùn Ìṣẹ́” àti Ọmọ Aláìní Nínú Kíláàsì: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ìfáàrà

Láàrin àwọn ewì àpilẹ̀kọ Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó gbajúmọ̀ tó “Iṣẹ́ Loògùn Ìṣẹ́” tí J. F. Ọdúnjọ kọ sínú ọ̀wọ́ ìwé Aláwìíyé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ṣì lè kà á láìwòwé. Òun náà ni olùkọ́ sábà máa ń mú bọnu nígbà tí ó bá ń gba ọmọ aláìní níyànjú. Iṣẹ́ yìí fi ojú ìbára-ẹni-gbépọ̀ wo ewì náà láti dáhùn ìbéèrè kan: ta gan-an ni akéwì ń bá wí? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọmọ tálákà kọ́ ni ewì náà kọ́kọ́ dojú kọ, àti pé olùkọ́ tí ó bá sọ ọ́ di ẹgba fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ṣi ewì náà kà.

Ẹni tí Akéwì ń Bá Sọ̀rọ̀

Ohùn ni ó ya iṣẹ́ àti ìṣẹ́ sọ́tọ̀. Fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gba ohùn àárín, ti ìṣẹ́ gba ohùn ìsàlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu délẹ̀. Orí ìfọ̀rọ̀dárà yìí ni akéwì gbé ewì rẹ̀ lé. Ó dùn létí, ọkàn sì gbà á gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tí kò nílò àlàyé. Ibi tí ó yẹ kí lámèyítọ́ ti dúró wò ó nìyí, nítorí adùn ohùn kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí a bá fara balẹ̀ tú ewì náà wò, a ó rí i pé àwọn òbí inú rẹ̀ kì í ṣe aláìní. Akéwì sọ̀rọ̀ nípa ìyá tí ó ṣeé ṣe kí ó lówó àti baba tí ó ṣeé ṣe kí ó ní ẹṣin. Ẹṣin kì í ṣe ohun ìní mẹ̀kúnnù nílẹ̀ Yorùbá. Ọba, ìjòyè àti jagunjagun ni a mọ̀ mọ́ ọn. Ìkìlọ̀ tí akéwì wá ṣe ni pé kí ọmọ má gbójú lé ọrọ̀ òbí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ní ohun tí a lè gbójú lé ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bá mu. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe alábàárù lọ́jà, tí baba rẹ̀ ń ṣe lébìrà, kò ní ọrọ̀ kankan tí yóò fẹ̀yìn tì. Bí ó bá ń ka ewì náà, lẹ́tà tí a kọ sí ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń kà.

Ọmọ tí Iṣẹ́ Kò Wọ́n Lọ́wọ́ Rẹ̀

Lóòótọ́, akéwì kò gbàgbé ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó fún un náà ni pé kí ó tẹra mọ́ iṣẹ́. Ìmọ̀ràn yìí kò ran ọmọ tí iṣẹ́ ti gba ìgbà èwe lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ń kiri omi inú ọ̀rá tàbí ẹ̀pà sísun ní ibùdókọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti jí ṣáájú olùkọ́ rẹ̀; ó ti pọn omi, ó ti bá ìyá rẹ̀ ru igbá dé ìsọ̀. Nígbà tí yóò fi dé ilé-ìwé, agogo ti lù, olùkọ́ sì lè ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó máa ka ewì tí ń bá ọ̀lẹ wí. Iṣẹ́ ni ó mú un pẹ́. Ìyà ọ̀lẹ ni ó jẹ.

Akéwì dárò ọmọ tí kò dúró níbi ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ń kiri ọjà náà kò dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó gbé e lọ kì í ṣe ẹsẹ̀ eré. Ewì náà kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti yà wọ́n.

Ìdajì Ọ̀rọ̀ tí Kò Sí Nínú Ewì

Nínú ewì náà, kò sí ìjọba, kò sí olùkọ́; orí ọmọ nìkan ni gbogbo ẹrù wà. Ìgbésí ayé ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó fi ìdajì kejì hàn. Olùkọ́ ni Ọdúnjọ, ó sì di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ nínú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí. Ìjọba yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, lẹ́yìn tí S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1952. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó lé díẹ̀ ní 450,000 ní 1954 kọjá 800,000 ní 1955. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di aláápọn láàrin ọdún kan. Owó ilé-ìwé tí ó dí wọn lọ́nà ni ìjọba mú kúrò.

Ètò náà kò rọ ìjọba lọ́rùn. Owó-orí tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí ará ìlú nínú, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì fìdí rẹmi ní agbègbè náà nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀, wọn kò yí ẹrù náà padà sórí ọmọ tálákà.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tún pín ẹrù náà. Ó fi dandan lé e pé kí òbí rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ó sì fi ìtanràn lé ẹni tí ó bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ka ohun tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga òun tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Aṣọ ilé-ìwé, bàtà àti owó ọkọ̀ kò sí lára wọn. Ibẹ̀ ni ọmọ aláìní ti ń há. Bí wọ́n bá lé e padà sílé nítorí aṣọ tí ó ya, kò sí iye ìgbà tí ó lè ka ewì náà tí yóò rán aṣọ.

Ohun tí ó Kan Olùkọ́

Ẹnìkan lè sọ pé irú àtúnkà yìí yóò kọ́ ọmọ ní ọ̀lẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akéwì fúnra rẹ̀ ṣàfihàn bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń yẹra fún ẹni tí ìṣẹ́ bá mú, èyí tí àwọn àgbà náà rí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí. Apá yìí ni ọmọ aláìní mọ̀ jù, òun sì ni ó yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó bi kíláàsì pé irú iṣẹ́ wo ni ń wo ìṣẹ́ sàn, irú wo ni ń dá a dúró pẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ fi iṣẹ́ dánra wò sì wádìí ibi tí ọmọ tí ó pẹ́ ti ń bọ̀, kí ó tó pè é ní ọ̀lẹ.

Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí kò ní kí a yọ ewì Ọdúnjọ kúrò nínú kíláàsì. Ìwúlò rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni ewì náà sọ, tí ìjọba tí akéwì bá ṣiṣẹ́ sì sọ ìdajì yòókù ní 1955. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Bí oògùn ìṣẹ́ bá wà lórí pẹpẹ, àgbàlagbà ni yóò nawọ́ gbé e fún un, kí ọmọ tó mọ bí yóò ṣe lò ó.