Má Tẹ C

"Má tẹ C." Títí di òní, bí mo bá ń ya ààlà ilẹ̀, ohùn ọ̀gá mi ni mo ń gbọ́. Ojú títì Akówọnjọ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. T-square àti kálàmù Rotring ló fi ya ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí AutoCAD 2000, ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Nísàlẹ̀ pátápátá, "Command:" ń retí mi. Mo nawọ́ sí mọ́ọ̀sì. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí UPS tó máa ń ké tí iná bá lọ. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ni kóo fi rán an níṣẹ́."

Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn mítà 18.29 sí 36.58, ló ní kí n yà. Fọ́tòkọ́pì ni ìwé sọ́fè rẹ̀. Mo tẹ @18.29<28. Àmì @ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn: ibi tí mo dé dúró ni ẹ̀rọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ṣùgbọ́n dígírì 62 ni ìwé sọ́fè kọ, kì í ṣe 28. Àríwá ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti ń ka dígírì, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ìlà-oòrùn ni AutoCAD ti ń kà á, òdì ló sì ń yí. Ẹ yọ 62 kúrò nínú 90, yóò ku 28.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ kẹrin, mo fẹ́ tẹ C kí ẹ̀rọ bá mi pa á dé. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní kí n tẹ iye inú ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ìlà ti pàdé. "Sún mọ́ ọn. Tún sún mọ́ ọn." Àlàfo yọ: sẹ̀ǹtímítà 5. Nígbà tí a rí ojúlówó ìwé náà, fọ́tòkọ́pì ló ti sọ 36.58 di 36.53 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ká ní mo tẹ C ni, ẹ̀rọ ì bá fa ìlà bò ó, a kì bá tí mọ̀.

Lónìí, àwọn kan á fi fóònù ya fọ́tò ìwé sọ́fè, wọ́n á máa fi mọ́ọ̀sì tọ ojú ìlà rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti parí. Ó máa ń bí mi nínú gan-an. Sẹ̀ǹtímítà 5 lórí fẹ́ǹsì, ilẹ̀ ẹlòmíì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ ẹ̀gbẹ́ kẹrin.