Odò, Òkun àti Kànga: Àyẹ̀wò Ìwé Àkọ́kọ́ nínú Ìtàn Àròsọ Mẹ́ta ti Antônio Olinto

Ìfáàrà

Iṣẹ́ méjì ni ó já lé ìtàn àròsọ ajẹmọ́-ìtàn léjìká. Ó gbọdọ̀ mú ohun tí ó ti kọjá padà wá sójú òǹkàwé. Ó sì gbọdọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé mọ ojú ẹni tí a fi ń wò ó. Iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń gbójú fò nígbà tí ìtàn bá ti dùn.

Ìwé tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni A Casa da Água, tí a lè pè ní Ilé Omi. Antônio Olinto (1919–2009), ọmọ Bùràsíìlì, ni ó kọ ọ́ ní èdè Potogí. Ó jáde ní 1969, Dorothy Heapy sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1970. O Rei de Keto (1980) àti Trono de Vidro (1987) ni ó tẹ̀ lé e. Láàárín 1962 sí 1964, Olinto ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ìjọba Bùràsíìlì lórí ọ̀rọ̀ àṣà. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé omi ni ó gbé àhunpọ̀ ìtàn náà ró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a gbẹ́ kànga sí kò ní ohùn tí ó tó. Àlàfo yìí hàn gedegbe sí ẹni tí ó bá ka ìwé náà ní Lẹ́kí tàbí ní Àjá, níbi tí ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tíì tán.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Omi mẹ́ta ni ó wà nínú ìwé náà. Èkíní ni omíyalé tí ó bo Piau, ìlú kékeré kan ní Minas Gerais. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Catarina, ìyá àgbà tí a ti tà lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní ilé ni òun ń lọ. Èkejì ni òkun: afẹ́fẹ́ kọ̀, ọkọ̀ dúró lójú kan, àìsàn wọlé, a sì ń sọ òkú sómi. Èyí kì í ṣe àlá lásán. Ní 1899 ni ọkọ̀ Aliança kúrò ní Bahia tí ó kó àwọn Àgùdà wá sí Èkó. Ẹ̀kẹta ni kànga tí Mariana, ọmọ-ọmọ Catarina, gbẹ́ ní Èkó tí ó sì fi là.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni agbára ìwé náà. Omi tí ó lé ni kúrò nílé ni ó di ikú lójú ọ̀nà, òun náà ni ó sì wá di ọjà. Òwe Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ìtàn Mariana fi kún un pé omi ní olówó. Bákan náà, casa nínú èdè Potogí àti ilé nínú èdè Yorùbá jọ tọ́ka sí ibùgbé àti ìdílé. Nítorí náà, bí kànga ti ń kọ́ ilé alámọ̀ ni ó ń kọ́ ilé ẹlẹ́ran-ara.

Ìtàn gidi wà lẹ́yìn àròsọ yìí. Ilé Omi ìdílé da Rocha ní òpópónà Kákáwá lókìkí nítorí kànga tí wọ́n ti ń ta omi. Ní 1908, John Randle àti Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà. Nígbà tí ìjọba gbé owó náà lé àwọn ará Èkó lórí ní 1916, ìlú tún fárí gá.

Ní apá ìṣèlú, ọwọ́ òǹkọ̀wé kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Mariana di ààrẹ Zorei, orílẹ̀-èdè àròsọ, a sì pa á. Òǹkàwé tí ó mọ̀ pé wọ́n pa Sylvanus Olympio, tí òun náà jẹ́ ìran Àgùdà, ní Lomé ní oṣù kìíní 1963, ti mọ òpin ìtàn kí ó tó débẹ̀. Kànga ni kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò já sí.

Ojú tí a fi wo Èkó

Ní ọdún 1969 kan náà ni Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí jáde. Ẹnu ẹ̀dá-ìtàn mẹ́ta ni Fálétí fi sọ ọ̀tẹ̀ kan ṣoṣo, kí òǹkàwé lè fi ti ọ̀kan díwọ̀n ti èkejì. Nínú Ilé Omi, ojú Mariana ni ó gba iwájú. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ohun tí ojú yìí kò rí dáadáa ni onílẹ̀. Àwọn Ìdéjọ ni ó ni ilẹ̀ Èkó kí Àgùdà tó dé. Lẹ́yìn tí a gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú ní 1861, ìjọba òyìnbó hùwà bí ẹni pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀, àfi ìgbà tí Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì borí ní 1921. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga láàárín irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kò gbẹ́ ẹ sínú òfìfo.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn àwọn tí ó ti oko ẹrú bọ̀ ni Olinto ń sọ, pé kì í ṣe dandan kí ó gba ẹnu onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwíjàre yìí kò tó, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni ọrọ̀ Mariana ti jáde wá. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà dé ìhà ìlà-oòrùn Erékùṣù Èkó, sórí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Lẹ́kí àti Àjá, omi abẹ́ ilẹ̀ tí kò jìn máa ń níyọ̀ tàbí kí ó pọ́n. Ẹni tí ó lówó a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí ó jìn. Aládùúgbò rẹ̀ a máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Orúkọ Olúmẹgbọ́n, olórí àwọn Ìdéjọ, kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àjá. Ní 1990 ni ìjọba ológun wó Màrókò. Lára àwọn tí a lé bọ́ sí Ìlàsàn, Ìkọ̀tà àti Àjá láti tún bẹ̀rẹ̀. Òǹkàwé ibẹ̀ yóò bá Mariana yọ̀ pé ó rí omi, yóò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gba ilẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Olinto fúnra rẹ̀ dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè yìí. Nínú O Rei de Keto, Abionan, obìnrin ọlọ́jà tí ó ń fẹ́ kí ọmọ òun jọba Kétu, ni ó gba ipò iwájú. Obìnrin tí ó ń tajà ṣì ni, ṣùgbọ́n onílé ni, kì í ṣe ẹni tí ó ń padà bọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi ìwé àkọ́kọ́ nìkan ṣe ìdájọ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì yẹ kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé Omi láìfi ti Abionan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá: ìtàn àròsọ tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí a gbẹ́ kànga sí, àti ẹni tí a lé kúrò lórí rẹ̀.