Ta Ni Kí A Gbà Gbọ́? Ìtàn-Àròsọ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ìtàn-Àròsọ Ajẹmọ́tàn fún Òǹkàwé Ìkẹjà àti Agége

1. Ìfáàrà

Ní ọdún kan náà, 1969, ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ àti Ọmọ Olókùn-Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ jáde. Ìtàn ọ̀daràn àti ẹni tí ń tọpa wọn ni ti àkọ́kọ́. Ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn tí wọ́n kọ̀ láti máa sin Ọ̀yọ́ ni ti èkejì. Ó ti mọ́ wa lára láti ya ìwé méjèèjì sọ́tọ̀: a ní ọ̀kan wà fún fàájì, èkejì wà fún ìdánwò. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìpín bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà, àti pé òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tí ó bá tẹ̀ lé e ń fi ìdajì oúnjẹ du òǹkàwé rẹ̀.

2. Òǹkàwé tí a ní lọ́kàn

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, tí Guinness sì bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ wá iṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì fi Agége ṣe ibùgbé. Longman tí ó tẹ ìwé Òkédìjí pàápàá wá fi òpópónà Ọba Àkran ní Ìkẹjà ṣe ibùjókòó. Ẹni tí ó ti iṣẹ́ òru dé, tí ó yà sí ilé-ìkàwé, kò ní olùkọ́ tí yóò fi pàṣán lé e dé ìdí ìwé. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá sú u, kò ní padà wá.

3. Ìtọpinpin àti ẹ̀rí

Àwọn kan a máa gbà wá níyànjú pé kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kọ́lá Akínlàdé, ẹni tí ó kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? (1971) àti Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), nítorí pé èdè rẹ̀ kò ta kókó. Òótọ́ ni pé Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, a máa fi sùúrù to ẹ̀rí jọ. Ṣùgbọ́n èdè tí ó rọrùn nìkan kọ́ ni ó ń fa òǹkàwé. Èdè Òkédìjí kún fún òwe àti àwàdà, síbẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni tí ó ń tẹ̀ lé Lápàdé dúró. Ohun tí ó fa òǹkàwé ni ìbéèrè: ta ni ó ń purọ́, báwo ni a sì ṣe lè mọ̀?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó sọ ìwé Fálétí di aládùúgbò ìwé Òkédìjí. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó sọ ìtàn Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Asọ̀tàn ju ẹyọ kan lọ, kálukú sì ń sọ èyí tí ojú rẹ̀ tó. Bí ẹlẹ́rìí ni wọ́n ṣe dúró níwájú wa. Bákan náà ni Isaac Délànọ̀ ṣe nínú Ayé D'ayé Òyìnbó (1955), níbi tí ó ti fi ẹnu obìnrin ròyìn bí òyìnbó ṣe dé. Ẹni tí Lápàdé ti kọ́ láti máa fura ti mọ bí a ṣe ń ka irú ìwé wọ̀nyí.

4. Àtakò kan

A lè sọ pé ọ̀daràn kan ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń mú, nígbà tí ìtàn ìlú kì í mú ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìwé Fálétí, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Àṣà ìsìnrú ni ó jẹ̀bi, àwọn tí ó sì gbà á mọ́ra náà ní ìpín nínú rẹ̀. A gbà pé èyí yóò kọ́kọ́ rú òǹkàwé lójú. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ́ ẹlòmíràn lójoojúmọ́ ni ìbéèrè nípa ìsìn àti òmìnira kàn jù lọ. Kí ni ìdí tí a ó fi fi ìwé náà sílẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé tí ó ń ka á nítorí máàkì?

5. Ìkádìí

Ìmọ̀ràn wa kò le. Kí a to ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ kan. Nígbà tí òǹkàwé bá dá Àjà Ló Lẹrù padà, kí a má bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀ nìkan. Kí a bi í pé ta ni ó gbà gbọ́ nínú rẹ̀, kí a sì na Ọmọ Olókùn-Ẹṣin sí i.