Iguodala Lórí Bẹ́ǹṣì

Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èèyàn márùn-ún péré ní ń gbá fún ikọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù á jókòó, wọ́n á máa wojú akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé, ìgbà tí wọ́n pè é jáde àti ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ló ń pinnu bí eré ṣe máa lọ láàárín ìṣẹ́jú 12 àkọ́kọ́, ìyẹn abala kìn-ín-ní nínú líìgì NBA ti Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, ikọ̀ Golden State Warriors ti 2015 ló mọ iṣẹ́ yìí ṣe jù.

Títí di 2014, Andre Iguodala, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti kópa nínú ìdíje líìgì NBA 758, kò sì sí èyí tí kò bá wọn bẹ̀rẹ̀. Steve Kerr gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Warriors, ikọ̀ Iguodala, ó ní kí Iguodala máa ti orí bẹ́ǹṣì wọlé, kí Harrison Barnes máa bẹ̀rẹ̀ dípò rẹ̀. Iguodala gbà. Ní sáà eré náà, bó bá rẹ àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, àgbà eléré ló ń wọlé, eré kì í sì í dákú.

Nígbà tó di àṣekágbá, Cleveland Cavaliers fi ìdíje méjì sí ẹyọ kan ṣíwájú. Wọ́n fa eré falẹ̀, àwọn òmìrán wọn sì ń kó gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin. Bí ìlù bá yí, ijó á yí. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹfà, nínú ìdíje kẹrin, Kerr yọ Andrew Bogut, òmìrán tirẹ̀, ó fi Iguodala bẹ̀rẹ̀ kí eré lè yá. Cavaliers kọ́kọ́ jẹ ayò 7 sí òdo. Kerr dá eré dúró, ó bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Bí Draymond Green ti Warriors bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, eré ló ń sá lọ; kí òmìrán Cavaliers tó yíjú padà, ẹnì kan nínú Warriors ti dá dúró ní igun, ó ń retí bọ́ọ̀lù. Abala kìn-ín-ní parí sí 31 sí 24, Warriors ló ṣíwájú. Àárẹ̀ eré sísá yẹn hàn lára Cavaliers ní abala ìkẹrin, ayò 12 péré ni wọ́n jẹ. Warriors borí, 103 sí 82. Iguodala àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Stephen Curry, jẹ 22 ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Níkẹyìn, Warriors gba ife-ẹ̀yẹ. Iguodala, tí kò bẹ̀rẹ̀ ìdíje líìgì kankan lọ́dún náà, ló gba àmì-ẹ̀yẹ eléré tó pegedé jù lọ nínú àṣekágbá. Ọgbọ́n Kerr pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtẹríba ẹni tó gbà láti jókòó ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn eré yìí, ẹ máa wo orí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú.