Ohùn Ọ̀rọ̀ Nínú Orin Onídùùrù: Akin Euba àti Ayọ̀ Bánkólé

Ní ọdún 1959, Akin Euba kọ orin ìbílẹ̀ Yorùbá mẹ́fà sílẹ̀ fún ohùn ènìyàn àti dùùrù. Ọdún yẹn náà ni Ayọ̀ Bánkólé kọ orin Yorùbá mẹ́ta tirẹ̀. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ kì í sábà ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí. Olórin ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún. Èyí kò tọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ewì bá ti wà nínú orin, ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti èdè: ǹjẹ́ olùgbọ́ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń sọ ọ́?

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú orúkọ Ìlobù yẹ̀ wò: ohùn ìsàlẹ̀, àárín, ìsàlẹ̀. Erinlẹ̀, òrìṣà odò tí a mọ̀ mọ́ ìlú náà, jẹ́ àárín méjì àti ìsàlẹ̀ kan. Olórin tí ó bá gbé sílébù ìkẹyìn sókè ti ba orúkọ òrìṣà jẹ́. Igbá kì í ṣe igba, igba kì í sì í ṣe igbà. Ẹ̀sùn tí a ń fi kan ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Irú ìsapá yìí wà níbòmíràn. Ní 1908, àwọn olórin Júù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ń kó orin ìbílẹ̀ wọn jọ, wọ́n sì ń fi dùùrù gbè é. Wọ́n tilẹ̀ ní àmì tí a ń kọ mọ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì Hébérù láti darí ohùn ẹni tí yóò kà á. Ṣùgbọ́n Hébérù kì í ṣe èdè olóhùn. Bí olórin wọn bá yí orin padà, adùn ni ó lè bàjẹ́, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Olórin Yorùbá kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Orin tí ó ti wà lẹ́nu ará ìlú tipẹ́ ni Euba mú. Ohùn ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀, ohun tí dùùrù yóò ṣe ni ó kù. Nítorí náà, ìyìn pípa ohùn mọ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bánkólé ni ó dáwọ́ lé èyí tí ó le: ó hun orin tirẹ̀ fún ewì bí “Ìyá”, ohùn ọ̀rọ̀ sì ni ó fi ṣe atọ́nà.

Ibi tí dùùrù ti ń kọsẹ̀ ni yíyọ́ ohùn. Onílù dùndún tí ń ki Olóbù lè fún ọṣán ìlù rẹ̀ títí ohùn yóò fi yọ́ láti ìsàlẹ̀ gòkè, bí ó ti ń yọ́ nínú “ìwé”. Ibi kọ̀ọ̀kan tí a ń tẹ̀ lára dùùrù, ohùn kan ṣoṣo ni ó ní. Euba, tí ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde ní 1990, mọ èyí dáadáa. Nínú Igi Ńlá So (1963), ìlù Yorùbá mẹ́rin ni ó fi ti dùùrù lẹ́yìn. Nínú orin ohùn kan àti dùùrù, kò sí ìlù tí yóò gbà á. Ẹnu akọrin nìkan ni yíyọ́ ohùn kù sí. Akọrin tí a kọ́ ní ìlànà òkè òkun láti di ohùn kọ̀ọ̀kan mú gbọingbọin lè pa á run, bí ìwé orin tilẹ̀ pé. Ibẹ̀ gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbọ́ orin wọ̀nyí dẹ etí sí.