Ilé Ìwòsàn Wesley Guild àti Káàdì Ìwọ̀n Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní Iléṣà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilé ìwòsàn kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Wesley. Wesley Guild ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló sì dá a sílẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Inú ilé ìwòsàn yìí ni iṣẹ́ kan ti jáde lọ sí ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn ọdún 1956, iṣẹ́ tí àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní. Bí a bá ń wá ibi tí ìgbàgbọ́ Kristẹni ti di ohun tí a lè fojú rí ní ilẹ̀ Yorùbá, èmi ò mọ ibi tó ṣe kedere ju èyí lọ. Àwọn kan dá owó, àwọn kan fi ilé àti ọ̀nà wọn sílẹ̀, àwọn kan sì fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Orúkọ náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé. John Wesley, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀, kò ya ìwàásù sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú aláìsàn. Ní 1746, ó ṣí ibi tí àwọn tálákà ti ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìtọ́jú ara fún àwọn tí kò lówó tí wọ́n lè fi pe dókítà. Nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án 1842, tí ẹ̀sìn Mẹ́tọ́díìsì sì bá a wọ ilẹ̀ wa, ogún yìí wà lára ohun tó bá a wọlé. Wesley Guild ní tirẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Owó tí wọ́n ń dá jọ ni wọ́n fi ń ti iṣẹ́ ìwòsàn Iléṣà lẹ́yìn, Dókítà J. R. Stephens sì ni ó kọ́kọ́ wá ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá owó ọ̀hún ni kò fojú kan Iléṣà títí wọ́n fi kú. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore kò mọ̀ wọ́n, kò sì lè lọ dúpẹ́ ní ilé wọn. Irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ níyì púpọ̀ lójú mi.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà pọ̀. Wọ́n ń gbẹ̀bí, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń wo ibà àti ọgbẹ́, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ti ìkẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti sábà máa ń sọ ọ́ lọ. Bó pẹ́ bó yá, dókítà òyìnbó yóò padà sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò níbi tó ń lọ. Òun ló gbọ́ èdè, òun ló mọ ìdílé, òun sì ni ìyá lè sọ fún láìtijú pé kò sí owó ọbẹ̀ nílé. Dókítà Andrew Pearson, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà fún ọdún pípẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ èyí dájú, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan dé sí Iléṣà. David Morley ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àlùfáà tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1923. Ó bá wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tó kún fọ́fọ́. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, ikọ́ líle tí kì í jẹ́ kí ọmọ mí dáadáa, àti àìjẹunre tí ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ wú, kí irun rẹ̀ sì máa pọ́n: àwọn wọ̀nyí ló ń gbé ọmọ wá. Ọmọ tí wọ́n wò sàn lónìí, ìyá rẹ̀ á tún pọ̀n ọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí pé ohun tó mú àìsàn wá kò kúrò nílé. Èyí tó sì burú jù ni ti àwọn ọmọ tó kú sí abúlé láìdé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àrùn wọ̀nyí ló ṣeé dènà. Morley rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà tí òun ń dúró de aláìsàn, ìdajì iṣẹ́ náà kò ní ṣe. Ló bá lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé wà láàárín òkè, ní apá àríwá Iléṣà, lẹ́bàá ibi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti pààlà pẹ̀lú Èkìtì. Ẹni tó ka ìtàn Yorùbá mọ orúkọ náà láti inú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Agbègbè yẹn ni àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ṣe olórí wọn, ti dojú kọ Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án 1886. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ru ìpọ́njú ọ̀nà láàárín àgọ́ méjèèjì kí ogun tó rọlẹ̀. Mo mẹ́nu bà á kí òǹkàwé má bàa rò pé ìgbà tí òyìnbó dókítà dé ni iṣẹ́ ìsìn àwọn Kristẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àwọn òkè náà. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì.

Láti 1957, Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí a bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi ń pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ló wà nídìí iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Mímọ ọjọ́ orí ọmọ tí a ti bí tẹ́lẹ̀ gba sùúrù, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni kò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Ohun tí ìyá mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: ṣé ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè ni, àbí ìgbà tí iṣu tuntun jáde, àbí ó ku díẹ̀ kí Kérésì dé? Ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí náà kò ṣeé fojú fò. Èéyi, tí àwọn dókítà ní Yúróòpù ti ń kà sí àìsàn kékeré nígbà yẹn, wà lára olórí ohun tó ń pa ọmọ ní Ìmẹ̀sí. Ọmọ tí kò jẹun kánú ni ó máa ń bá jà jù. Bí kò bá pa á, á mú un rù débi pé àìsàn tó bá tẹ̀ lé e á rí i gbé ṣe.

Káàdì ìwọ̀n ni ohun èlò tó ti inú iṣẹ́ yìí jáde, ó sì tọ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa. Páálí fẹ́lẹ́ ni. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àpótí kéékèèké tò ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, láti oṣù ìbí títí di ọdún márùn-ún. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n ara ń lọ láti ìsàlẹ̀ sókè. Ìlà méjì tó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ la káàdì náà kọjá, àlàfo àárín wọn sì ni ọmọ tó ń dàgbà bó ti yẹ máa ń bá lọ. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ kọ́ òṣùwọ̀n, nọ́ọ̀sì á fi àmì kékeré sí ibi tí oṣù àti ìwọ̀n ti pàdé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, á fi òmíràn sí i, á sì fa ìlà so wọ́n pọ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ìlà ọmọ òun ń gòkè, bóyá ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja láti oṣù méjì, tàbí bóyá ó ti ń forí sọlẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, ẹ wo ti Kẹ́hìndé, ojú kan ló wà láti ọjọ́sí. Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?” Irú ìbéèrè báyìí ni ìbánisọ̀rọ̀ máa ń tìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn tó sì wọ́pọ̀ ni ògì tàbí ẹ̀kọ. Ògì lásán á kún inú ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè mú eegun àti ẹran ara rẹ̀ dàgbà bó ṣe yẹ. Nọ́ọ̀sì kì í sọ fún ìyá pé kó lọ ra wàrà inú agolo tí apá rẹ̀ kò ká. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ tí a sì sè kó rọ̀, ẹ̀pà tí a lọ̀, ẹyin, ẹja gbígbẹ tí a gún: kò sí èyí tí kò sí lọ́jà ìlú náà.

Apá kan tún wà lára káàdì náà tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi nílò àkíyèsí àrà ọ̀tọ̀ sí. Bí ọmọ bá jẹ́ ìbejì, bó bá kéré jù nígbà tí a bí i, bí baba tàbí ìyá rẹ̀ bá ti kú, bí ìgbéyàwó àwọn òbí bá ti túká, tàbí bí ọ̀pọ̀ ọmọ bá ti kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ tí àwọn ará ilé ti ń fura sí pé àbíkú ni, tí ìyá rẹ̀ sì ń bẹ̀rù láti fi ọkàn tẹ̀, òun gan-an ni nọ́ọ̀sì á mọ̀ pé kò gbọdọ̀ pàdánù ìwọ̀n oṣù kankan. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àbíkú. Wọ́n ń tọ́jú ọmọ náà títí ó fi dúró ni.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ki káàdì náà sínú ọ̀rá kí òjò àti epo pupa má bàa bà á jẹ́, wọ́n á sì fi lé ìyá lọ́wọ́ pé kó máa mú un lọ sílé. Ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú ìwé aláìsàn láyé ìgbà yẹn, kò sì rọrùn fún gbogbo oníṣègùn láti gbà pé ìyá ní abúlé lè pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí pa á mọ́. Ní tèmi, ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti ga jù. Ẹni tó ń ṣe ìtọrẹ lè di ọ̀gá lórí ẹni tó ń gbà á kó tó mọ̀, ṣùgbọ́n káàdì yìí sọ ìyá di alábàáṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n tún ṣe ohun mìíràn tó bá èyí mu: ibì kan náà ni wọ́n ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n ti ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ti ń tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ìyá tó fi oko sílẹ̀ kò ní láti wá lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹfààní iṣẹ́ náà kò pẹ́ kó tó hàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi Ìmẹ̀sí wé ìlú mìíràn nítòsí tí kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n rí i pé ikú ọmọdé dín kù níbẹ̀ gidigidi ju ti èkejì lọ. Ìwádìí lórí èéyi ló tún mú kí Samuel Katz wá láti Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó wà lára àwọn tó bá John Enders ṣe àjẹsára èéyi, ó sì bá Morley ṣiṣẹ́ lórí bí àjẹsára náà ṣe ń ṣe lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn òbí tó gbé ọmọ wọn wá fún abẹ́rẹ́ tuntun yẹn kópa nínú iṣẹ́ tó ti gba ẹ̀mí là jákèjádò ayé, bí orúkọ wọn kò tilẹ̀ sí nínú ìwé kankan.

Morley kúrò ní Iléṣà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, ó sì lọ ń kọ́ àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1965, ó dá àjọ TALC sílẹ̀ láti máa fi ìwé àti àwòrán ẹ̀kọ́ ìlera ránṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní orílẹ̀-èdè tí owó kò tó. Òun náà ló ṣe ṣíbí oníke olórí méjì tí ìyá lè fi wọn iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: orí kékeré fún iyọ̀, orí ńlá fún ṣúgà. Ní 1982, wọ́n fi ẹ̀bùn Ọba Faisal ti ilẹ̀ Saudi Arabia dá a lọ́lá nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, UNICEF kéde ètò láti gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé là, wíwọn ọmọ déédéé sì wà lára ohun mẹ́rin tí wọ́n gbé ètò náà kà. Morley kú ní 2009.

Ilé ìwòsàn náà kò sí lọ́wọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì mọ́. Ìjọba gbà á ní 1975, ó sì di apá kan ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tí a mọ̀ lónìí mọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Orúkọ Wesley Guild ṣì wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí lápapọ̀. Lónìí, ìyá tó bá gbé ọmọ jòjòló lọ gba àjẹsára ní Ṣakí tàbí ní Ìkòròdú á gba káàdì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n á sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ọ́ nù. Bó bá kó lọ sí ìlú mìíràn kí ọmọ náà tó gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì tí kò rí i rí á ṣí káàdì náà, á wo ibi tí ìwọ̀n ọmọ dé àti abẹ́rẹ́ tó kù, á sì bá iṣẹ́ lọ láti ibẹ̀.