Fẹlá Tó Ṣáájú Fẹlá

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìdúmọ̀tà tó pe "Fẹlá!", kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé Fẹlá wo. Aníkúlápó ni gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n Fẹlá kan wà tí wọ́n bí ní 1905, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣáájú Aníkúlápó, olórin sì ni òun náà. Fẹlá Ṣówándé ni mò ń wí. Ní kékeré, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Kátídírà Christ Church ní Marina, ibi tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Èbúté Èrò. Òun ló kọ African Suite ní 1944, òun náà ló kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. (Símfónì ni orin gígùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́sítírà, tí wọ́n sábà máa ń pín sí apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin.) Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi lórin, ìlà méjì péré ni Ṣówándé gbà: ọdún ìbí, ọdún ikú, àkọlé iṣẹ́. A há a sórí fún ìdánwò. A kò gbọ́ orin kankan.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn rí. Joseph Bologne, tí wọ́n ń pè ní Chevalier de Saint-Georges, ni wọ́n bí ní Guadeloupe ní 1745. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó Faransé tó ní oko ńlá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹrú tí orírun rẹ̀ jẹ́ Áfíríkà. Ó kọ símfónì méjì tó jáde ní 1779, òun ló sì darí ọ̀kẹ́sítírà tó kọ́kọ́ ṣe àwọn símfónì mẹ́fà tí Haydn kọ fún Paris. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n gbàgbé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nísinsìnyí tí wọ́n ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀, "Mozart Dúdú" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ń bí mi nínú. Ọdún mẹ́wàá ni Saint-Georges fi ju Mozart lọ! Níbo ni wọ́n ti ń fi orúkọ àbúrò pe ẹ̀gbọ́n?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi orúkọ òyìnbó kankan júwe Ṣówándé fún wa, nítorí etí Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ orin rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ni Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó ta dùùrù ńlá Kátídírà náà láti 1914 títí di 1962. Phillips kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Ohun tó ń jà fún ni pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí a bá gbé wọn lé ohùn orin ìsìn tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ ìyàwó lè di ohun tí a fi ń roko. Ọmọ tó dàgbà lábẹ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gbàgbé pé ohùn lásán ń sọ̀rọ̀. Bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ láìlẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ohùn orin ìbílẹ̀ kì í bọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí violin (tí í ṣe ìbátan gòjé) bá gbà á.

Apá márùn-ún ni African Suite ní, fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù. Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan: orí orin Ephraim Amu, ọmọ Gánà, ni apá àkọ́kọ́ dúró lé. Èyí tó kẹ́yìn, Akinla, ló mú mi lọ́kàn jù. Orin háíláìfù tí àwọn ènìyàn ń jó sí ni tẹ́lẹ̀. Mo fi fóònù sí ìyá ìyá mi létí kí ó gbọ́ ọ. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ẹgbẹ́ eléré wo nìyí?" ló béèrè.

"Òyìnbó ló ń ṣe é, Màmá. Ọmọ wa ló kọ ọ́."

"Irọ́ lo pa. Orin òde ìnáwó lèyí."

Màmá kò ka ìwé orin kankan rí, ṣùgbọ́n ó ti dá háílááfù mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní Kánádà, ètò rédíò kan tó ń jẹ́ Gilmour's Albums fi Akinla ṣe orin ìdánimọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará ibẹ̀ mọ orin náà bí ẹni mowó, wọn kò sì mọ ijó tó bí i. Àwa tí a mọ ijó náà ni kò mọ orin.

Àwọn kan máa ń sọ pé Ṣówándé kàn wọ aṣọ òyìnbó fún orin ìbílẹ̀ ni. N kò gbà. Bartók gba orin lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ Hungary, ìyìn ni wọ́n fi fún un. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Nostalgia, tó kọ nígbà tí àárò ilé ń sọ ọ́ ní òkèèrè, rọ̀ jù létí mi. Ó dà bí orin tí wọ́n ń fi sábẹ́ fíìmù òyìnbó àtijọ́. Mo sì ń wá ìlù. Nínú Akinla, àwọn olókùn fúnra wọn ń ṣiṣẹ́ onílù, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú Nostalgia, àyè ìlù náà ṣófo.

Ṣówándé padà wálé láti London, ó sì di olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà ní 1953. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ni ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1987, ní Ohio. Láti ìgbà tí mo ti ń tò síwájú àsíá ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi Folk Symphony sí i, orin tí wọ́n torí ọjọ́ náà gan-an kọ. Gbohùngbohùn wà níbẹ̀ o; orin tó wà lóde ni wọ́n ń fi sí i.

Akinla kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kíláàsì orin kan ṣoṣo tó láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kí àyè sì tún kù fún wa láti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlù yẹn.